Ohùn màmá mi ti parẹ́ nínú fóònù. Kí ni ìgbàgbọ́ ń sọ fún ẹni tí nǹkan ń yọ́ mọ́ lọ́wọ́?

Àbígbẹ̀yìn_Màmá

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, àmọ́ mi ò kọ nǹkan kan rí. Lónìí mi ò mọ ẹlòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún.

Oṣù keje rèé tí màmá mi ti sùn nínú Olúwa. Ohun tó kù fún mi nínú ohùn wọn kò ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ìṣẹ́jú-àáyá 14 péré. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Wọ́n ní kí n pe àwọn padà bí mo bá ti ráyè, wọ́n wúkọ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Kò sí nǹkan o, mo kàn fẹ́ gbóhùn ẹ ni." Alaalẹ́ ni mo máa ń gbọ́ ọ kí n tó sùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù yẹn kú. Ẹni tó ń tún un ṣe yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti lọ. Mi ò sì fi pamọ́ síbòmíì.

Mo sunkún ju ọjọ́ tí wọ́n kú lọ. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ òótọ́ ni. Ó dà bíi pé wọ́n tún kú lẹ́ẹ̀kejì, pé èmi ni mo sì jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Àwọn ará ìjọ ń tù mí nínú, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: ayé lọjà, ọ̀run nilé, ohun ayé ni, jẹ́ kó lọ, asán nínú asán, gbogbo rẹ̀ asán ni. Mo wá ń bi ara mi pé tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ asán, ṣé màmá mi náà asán ni? Ṣé asán ni ìṣẹ́jú-àáyá 14 yẹn?

Mo gba Jésù gbọ́. Mo gbà pé àjíǹde ń bọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí mo ṣe máa gbé láàárín òní sí ìgbà yẹn, tí nǹkan ń yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òórùn aṣọ wọn ti lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé ojú wọn ló kàn. Ẹni tó bá ti gba ibí kọjá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ìyá_Aládùúrà

Ọmọ mi, ẹ kú àráfẹ́rakù. Ẹ kú àmúmọ́ra. N kò ní sọ púpọ̀. Èmi náà di ìborùn ìyá mi sínú ọ̀rá, mo so ọ́ pinpin fún ọdún 3, kí òórùn wọn má baà lọ. Ó lọ náà ni. Lọ́jọ́ tí mo tú ọ̀rá náà tí n kò gbọ́ òórùn kankan mọ́, orí ilẹ̀ ni mo jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú. Orí yín kò dàrú, ọmọ mi. Orúkọ yín ti wọnú àdúrà òwúrọ̀ mi.

Arákùnrin_Ìrètí

Arábìnrin, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀tá fi ìbànújẹ́ jí ìgbàgbọ́ yín gbé. Bíbélì ní kí a má ṣe banújẹ́. Màmá ti wà níbi ìsinmi, kí ni ohùn inú fóònù tún fẹ́ ṣe fún wọn? Ẹ gbójú sókè, kí ẹ máa yin Ọlọ́run. Yóò dára.

Olùkọ́_Kíkà

Arákùnrin Ìrètí, mo mọ̀ pé inú rere lẹ fi sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìfẹ́ tún un sọ. Ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ ní 1 Tẹsalóníkà 4:13 kọ́ ni pé kí a má banújẹ́. Ó ní kí a má ṣe banújẹ́ bí àwọn tí kò ní ìrètí. Ìbànújẹ́ wà níbẹ̀, ìrètí sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Jésù ń lọ síbi tí wọ́n tẹ́ Lásárù sí, ó mọ̀ pé láìpẹ́ òun yóò pè é jáde. Síbẹ̀ ó sunkún (Jòhánù 11:35). Bí ẹni tó fẹ́ ṣí ibojì bá lè sunkún kó tó ṣí i, ta ni nínú wa ló fẹ́ ní kí àbúrò wa yìí nu ojú nù?

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yín lórí asán ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé lóru yìí. Ogún ọdún ni mo ti ń darí ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, mo sì ti rí i tí ọ̀rọ̀ yẹn ń dá ọgbẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lára. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà nínú ìwé Oníwàásù ni "hevel". Ó fara hàn níbẹ̀ ní ohun tó lé ní ìgbà 30, nínú ìwé tí orí rẹ̀ kò ju 12 lọ. Èémí ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an, ooru ẹnu, irú èyí tó máa ń hàn bí èéfín tí òtútù bá mú, tí a ó rí i fìrí, tí kò ní sí mọ́. Bó ṣe ń ti Gíríìkì bọ́ sí Látìn ló ti di "asán", bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe dé inú Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èdè wa kọ. N kò sọ pé wọ́n ṣì í, torí Oníwàásù náà máa ń lò ó fún làálàá tí kò lérè. Àmọ́ etí wa ń gbọ́ "aláìwúlò" nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ti aláìsàn tí mímí ń nira fún mọ̀ bóyá èémí wúlò tàbí kò wúlò.

Ohun kan tún wà tí n kì í lè kà láìdúró. Ábẹ́lì, ọmọ Ádámù àti Éfà, orúkọ tirẹ̀ lédè Hébérù, Hevel náà ni. Lẹ́tà kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó kú nínú Bíbélì. Ayé rẹ̀ kúrú, a kò gbọ́ pé ó bímọ, a kò gbọ́ pé ó kọ́ nǹkan kan. Kéènì ló kọ́ ìlú. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run sọ fún Kéènì pé ohùn ẹ̀jẹ̀ arákùnrin rẹ̀ ń ké pe òun láti inú ilẹ̀ wá. Ìwé Hébérù 11:4 sì ní bó tilẹ̀ ti kú, ó ń fọhùn síbẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Èémí, ohùn rẹ̀ ni Ọlọ́run ní òun ṣì ń gbọ́.

Nítorí náà rárá, màmá yín kì í ṣe asán. Èémí ni wọ́n, bí gbogbo wa ṣe jẹ́ èémí. Ẹni tó mí èémí ìyè sí ihò imú ènìyàn mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Oníbéèrè

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, kì í ṣe láti da ìtùnú ẹnikẹ́ni rú. Inú ìjọ ni wọ́n ti tọ́ mi, mi ò lọ mọ́. Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà tí bàbá mi kú.

Ohun tó ń dà mí láàmú nínú ìtùnú yìí ni pé ó rọrùn jù. Èèyàn kú, ó dùn wá, a wá ní a ó tún fojú kanra. Báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe torí pé a fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ la ṣe gbà á gbọ́? Epicurus, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìkì ayé àtijọ́, sọ pé ikú kò kàn wá: nígbà tí a bá wà, ikú kò sí, nígbà tí ikú bá dé, àwa kò sí mọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn gbéra ró fún ọdún mélòó kan. Ó ràn mí lọ́wọ́ nípa ikú tèmi. Nípa ti bàbá mi, kò ṣe nǹkan kan fún mi, torí òun ni kò sí, èmi wà.

Nítorí náà mi ò bá yín jà. Mo ń béèrè ni, tọkàntọkàn: kí ló mú kí tiyín yàtọ̀ sí àlá tó dùn?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìtàn

Kí n tó dé ibi ìbéèrè yẹn, Àbígbẹ̀yìn, ẹ ní ojú ń tì yín pé ẹ sunkún lórí fóònù ju ọjọ́ ikú lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Augustine fún yín, ẹni tó di bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà nígbẹ̀yìn.

Lọ́dún 387, Monica ìyá rẹ̀ kú ní Ostia, èbúté ìlú Róòmù, nígbà tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wọn padà sílé. Augustine wà nínú ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n ayé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pa ojú ìyá rẹ̀ dé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin figbe ta, wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Augustine kò sunkún. Wọ́n sìnkú, kò sunkún. Ó lọ wẹ̀, bóyá ìbànújẹ́ yóò bá omi lọ, kò lọ. Ó sùn, ó jí. Orí ibùsùn tó dá wà lórí rẹ̀ ni ẹkún náà ti já. Nígbà tó kọ ìtàn yìí lọ́dún bíi 10 lẹ́yìn náà, ó ṣì ń bẹ ẹni tó bá kà á pé kó má fi ẹkún yẹn ṣe òun yẹ̀yẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀! Ẹkún kì í bèèrè ọjọ́ tó yẹ kó dé.

Ọ̀rọ̀ Monica fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání. Tẹ́lẹ̀, ó ti ń ṣètò kí wọ́n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ nílé. Nígbà tó rí i pé òun kò ní délé mọ́, ó ní kí wọ́n tẹ́ òun síbikíbi, kí wọ́n kàn máa rántí òun níbi pẹpẹ Olúwa. Àwọn kan bi í pé ṣé ẹ̀rù kò bà á láti fi ara sílẹ̀ sí ibi tó jìnnà sílé tó bẹ́ẹ̀. Ó dáhùn pé kò sí ibi tó jìnnà sí Ọlọ́run, kò sì sí ìbẹ̀rù pé kò ní mọ ibi tí yóò ti jí òun dìde lọ́jọ́ ìkẹyìn. Mo rò pé ohùn tó parẹ́ nínú fóònù náà kò jìnnà sí i.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, gbogbo yín. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, ní wọ́ọ̀dù àwọn tí a mọ̀ pé wọn kò ní gbádùn mọ́. Ọdún 11 rèé. Mi ò lè dá Oníbéèrè lóhùn bí olùkọ́, ohun tí ojú mi rí ni mo lè sọ.

Ìyá àgbà kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà kan. Wọ́n ti rù débi pé òrùka ìgbéyàwó wọn kò dúró lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá òwú. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wé òwú funfun mọ́ abẹ́ òrùka náà díẹ̀díẹ̀ títí tó fi há. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ìka á tún ti tín-ín-rín sí i, a ó tún wé òmíì lé e. Nígbà tó yá, òwú pọ̀ ju òrùka lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé kò ní dáa kí ọmọ yín bá yín tọ́jú ẹ̀?" Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé màá bọ́ ọ. Mi ò kàn fẹ́ kó já bọ́ ni. Ọwọ́ èèyàn ni mo fẹ́ fi í lé."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan láàárọ̀ ni wọ́n tú òwú náà fúnra wọn, wọ́n fi òrùka lé ọmọ wọn lọ́wọ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n lọ.

Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ka ibi tí Jésù ti ní, "Baba, ní ọwọ́ rẹ ni mo fi ẹ̀mí mi lé" (Lúùkù 23:46), òwú funfun yẹn ni mo máa ń rí. Mi ò ní parọ́ fún yín: mo ti rí onígbàgbọ́ tí ẹ̀rù bà dópin, mo sì ti rí ẹni tí kò gba nǹkan kan gbọ́ tó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbàgbọ́ kì í sọ ikú di kékeré. Àmọ́ nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ ẹni, a sì fi nǹkan lé ẹnìkan lọ́wọ́: méjèèjì yàtọ̀ síra, mo ti rí ìyàtọ̀ náà lójú àwọn èèyàn.

Ọkọ_Olóògbé

Mo ń kà á, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọdún kẹrin rèé tí ìyàwó mi ti kú. Ohun tí wọ́n ń sọ fún mi lójoojúmọ́ ni pé Ọlọ́run yóò dí àlàfo náà. Mo dúró kó dí i. Mo gbààwẹ̀ lé e lórí. Kò dí i. Mo wá ń rò ó pé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó.

Ẹni tó yọ mí nínú ẹ̀ ni Dietrich Bonhoeffer, pásítọ̀ ará Jámánì tí ìjọba Hitler fi sẹ́wọ̀n. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, ọdún 1943, ó kọ lẹ́tà láti ọgbà ẹ̀wọ̀n Tegel ní Berlin sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní kò sí ohun tó lè rọ́pò ẹni tí a fẹ́ràn, kí a má tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀. Ó ní àṣìsọ ni tí wọ́n bá ní Ọlọ́run ń dí àlàfo náà, pé ńṣe ni Ọlọ́run ń jẹ́ kó ṣófo bẹ́ẹ̀, kí okùn tó so wá pọ̀ má baà já, bó tilẹ̀ ń dunni. Ó tún ní ọpẹ́ ló ń sọ oró ìrántí di ayọ̀ tó pa rọ́rọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọdún Kérésì ló kọ ọ́, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà níta, kò sì mọ̀ bóyá òun máa jáde. Kò jáde. Wọ́n so ó kọ́ ní àgọ́ ẹ̀wọ̀n Flossenbürg ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹrin, ọdún 1945. Ọmọ ọdún 39 ni.

Oníbéèrè, ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò, mi ò mọ̀, àmọ́ ẹ ní ó rọrùn jù. Ká ní àlá tí mo dá fún ara mi ni, mi ò ní fi àlàfo sílẹ̀ nínú ẹ̀.

Olùkọ́_Kíkà

Ọ̀rọ̀ Ọkọ Olóògbé yìí ni mo fẹ́ gbà sọ, Oníbéèrè, nítorí ìbéèrè yín yẹ lẹ́ni tí à ń dáhùn.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn àjíǹde kò retí rẹ̀. Ẹ wo Lúùkù 24. Ohun olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ni àwọn obìnrin náà gbé lọ síbi ibojì láàárọ̀ kùtù. Ẹni tó bá ń lá àlá pé òkú fẹ́ jí kì í gbé ìyẹn dání. Nígbà tí wọ́n padà wá ròyìn, àwọn àpọ́sítélì ní ìsọkúsọ ni. Nínú Jòhánù 20, Tọ́másì ní àfi tí òun bá fọwọ́ bọ ojú àpá. Irú ọkàn tiyín yìí ni wọ́n fi gbọ́ ọ, n kò sì fi ọ̀rọ̀ yìí mú yín ní túláàsì.

Àpá yẹn gan-an ló mú mi dúró nínú ìgbàgbọ́. Ara tó jí dìde, tí ikú kò lè rí mú mọ́, àpá ìṣó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ (Jòhánù 20:27). Ọlọ́run kò pa ohun tó ṣẹlẹ̀ rẹ́ kó tó sọ ọ́ di ọ̀tun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan péré, lára tó lè kú, ló gbé wọ inú èyí tí kì í kú. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ Májẹ̀mú Láéláé sí Gíríìkì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi dípò hevel ni Pọ́ọ̀lù lò ní Róòmù 8:20, pé a tẹ orí ẹ̀dá ba fún asán. Àmọ́ kò dákẹ́ síbẹ̀, ó ní: ní ìrètí. Oníwàásù kò ní ọ̀rọ̀ kejì yẹn lọ́wọ́. Ó ń dúró dè é ni.

Bàbá_79

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, mò ń sọ, ó ń kọ. Ẹ má bínú tó bá gùn.

Ọmọ ọdún 79 ni mí. Sáàmù 90, àdúrà Mósè, ní ọjọ́ ọdún wa jẹ́ 70, bí agbára bá sì wà, 80. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, bí mo bá ka ẹsẹ 12, pé kí Ọlọ́run kọ́ wa láti máa ka iye ọjọ́ wa, mo rò pé kí a mọ iye tó kù ni. Ta ló mọ iye tó kù? Kíka tí mo mọ̀ báyìí dà bíi ti ẹni tí wọ́n san owó fún: ẹ óò mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́, ẹ óò wo iwájú rẹ̀, ẹ óò wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ tó gbé e sílẹ̀. Àárọ̀ yìí mo ka ti àná. Ọmọ tó ń kọ̀wé yìí bá mi gé èékánná lánàá. Mo ti kà á.

Ọmọbìnrin, àwọn tó sọ fún yín pé ayé lọjà, ọ̀run nilé, òótọ́ ni wọ́n sọ, wọn kò kàn sọ ọ́ tán. Ta ló ń tọjà bọ̀ tí kò ru nǹkan? Ìfihàn 14:13 ní àwọn tó kú nínú Olúwa sinmi, iṣẹ́ wọn sì ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Ẹrù wà lórí màmá yín bí wọ́n ṣe ń lọ sílé. Ẹ̀yin wà nínú ẹrù yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti mánà, kí n sì dákẹ́. Ẹ́kísódù orí 16. Ọlọ́run ní kí wọ́n kó ti òòjọ́ wọn. Àwọn kan tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó yọ ìdin, ó rùn. Èmi náà ti tọ́jú ọjọ́ báyìí rí, ó yọ ìdin mọ́ mi lọ́wọ́. Ọdún púpọ̀ ni mo fi di àárọ̀ tó ti kọjá mú tí n kò fi rí àárọ̀ tó wà níwájú mi. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ẹsẹ 33. Mósè ní kí Áárónì bu òṣùwọ̀n ómérì kan sínú ìkòkò, kó gbé e síwájú Olúwa, kí wọ́n pa á mọ́ fún ìrandíran wọn. Mánà kan náà ni o! Nínú àgọ́ wọn, kò lè sùn mọ́jú. Níwájú Olúwa, kò bàjẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá 14 yín, ẹ ti gbọ́ ọ lálẹ́ àwọn ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti gbọ́ ọ. Ó kù sínú ìkòkò.

Oníbéèrè

Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ṣé, Olùkọ́. Mi ò ní sọ pé mo ti gbà, torí ẹ ò fi irọ́ bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà ò gbọ́dọ̀ fi irọ́ dá yín lóhùn. Bàbá mi máa ń súfèé tí wọ́n bá ń bọ̀ wálé, mo máa ń mọ̀ pé wọ́n ti dé kí n tó rí wọn. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni láti ọdún 12 sẹ́yìn. Màá lọ ka Lúùkù 24 lálẹ́ òní. Mo máa padà wá bèèrè nǹkan míì.

Arákùnrin_Ìrètí

Arábìnrin, ẹ dárí jì mí. Mo yára sọ̀rọ̀. Èmi náà kò tíì sunkún àbúrò mi, bóyá ìdí nìyẹn.

Àbígbẹ̀yìn_Màmá

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Arákùnrin Ìrètí, mi ò bá yín bínú rárá. Ẹ kú àmúmọ́ra ti àbúrò yín.

Lánàá mo gbé Bíbélì màmá mi sọ̀ kalẹ̀ látorí àpótí. Mi ò tíì lè ṣí i látìgbà yẹn. Wọ́n ti fi tépù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta. Mo ń wá Sáàmù 90 tí Bàbá sọ, ó sì ṣí sí 56 fúnra rẹ̀. Wọ́n ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ẹsẹ 8, ibi tí Dáfídì ti ní kí Ọlọ́run fi omijé òun sínú ìgò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ mi àti ọjọ́ kan. Mo ṣírò ó. Ọmọ ọdún 6 ni mí nígbà náà, ọdún tí àìsàn kan fẹ́ẹ̀ gbé mi lọ. Wọn kò sọ fún mi rí pé àwọn sunkún. Pẹ́ńsù náà ti ń parẹ́, àfi kí n gbé e síbi iná kí n tó rí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn.

Mo jókòó tì í títí. Ohun tí wọ́n sọ lórí fóònù ń padà sí mi létí, kì í ṣe bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Látoṣù méje yìí, èmi ni mò ń wá ohùn wọn. Ìgbà yẹn, àwọn ni wọ́n ń wá ohùn tèmi. "Mo kàn fẹ́ gbóhùn ẹ ni." Mo sì rí i pé látìgbà tí wọ́n ti kú, èmi kò bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ kan tó ti inú mi wá. Mò ń ṣe àmín tẹ̀lé àdúrà àwọn ẹlòmíì ni.

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan béèrè. Mo ní, "Olúwa, kò sí nǹkan o. Mo kàn fẹ́ gbóhùn rẹ ni." Ẹkún ló tẹ̀lé e. Àmọ́ ẹkún yẹn kò dà bíi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ni màmá mi máa ń sọ. Mo ríran díẹ̀ lánàá.

Ìyá_Aládùúrà

Ògo ni fún Ọlọ́run. Ọmọ mi, ẹ yáa fi bíró tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ yẹn kó tó parẹ́ tán. Bíró kì í lọ bọ̀rọ̀.

Àbígbẹ̀yìn_Màmá

Ẹ ṣé, Màmá. Mo mú bíró lóòótọ́, mo gbé e dání fún ìgbà díẹ̀, mo sì gbé e kalẹ̀. Ìkọ̀wé wọn ni, ó wù mí kó jẹ́ ọwọ́ wọn nìkan ló wà níbẹ̀ títí tí yóò fi tán. Mo kọ orúkọ wọn àti ọjọ́ òní sísàlẹ̀ tèmi. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́.